Ta Ni Yóò Gbé Àgbọ̀n Sókè?

Nígbà tí Wáyà kúrò nínú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí gbogbo ayé mọ̀, ohun tó sọ fún àwọn oníròyìn ni pé òmìnira lòun ń wá. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ dúdú ló wọ̀ lọ́jọ́ náà nínú oòrùn ọ̀sán gangan, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń sọ fún wọn pé ọkàn òun ló pe òun, òun ò sì lè ṣe kóun má dáhùn. Ọ̀rọ̀ ńlá lẹ́nu ọkùnrin. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ta awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó rẹ́rìn-ín títí awò tó ń nù lọ́wọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Òun ló mọ ohun tó lé ọkọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àgbọ̀n ni.

Kì í ṣe àgbọ̀n Wáyà fúnra rẹ̀ o. Ìyẹn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Abẹ́ irùngbọ̀n ló wà jẹ́jẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àgbọ̀n Góòlù ni.

Góòlù ni wọ́n ń pe olórí ẹgbẹ́ náà, nítorí jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ góòlù tí kì í bọ́ lọ́rùn, òtútù ì báà mú, ooru ì báà mú. Òun ló ń kọrin, òun ló ń dúró láàárín, òun náà ló sì ń darí. Bó ṣe ń darí rèé. Bí orin bá ti dé ibi tó yẹ kí gìtá Wáyà ké jáde, Góòlù á yíjú sí i, á gbé àgbọ̀n sókè fìrí, bí ẹni tó ń béèrè pé "Ta nìyẹn?" lọ́wọ́ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Kíá, Wáyà á ta á. Láti ìgbà tí irun ṣì kún orí àwọn méjèèjì ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, títí irun Góòlù fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn, tí ti Wáyà náà sì ń bá a lọ. Ohun tó bá ti mọ́ni lára, èèyàn kì í rí i mọ́. Àgbọ̀n lọ sókè, gìtá ké. Àgbọ̀n ò lọ sókè, gìtá dákẹ́. Ọkùnrin náà lè dijú ta orin tó le jù lọ, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi fóònù wo ìka rẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò dá ohunkóhun bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ rí.

Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan, níwájú èrò tó pọ̀ bí omi, Góòlù gbàgbé. Ó ti tẹ̀ síwájú, ó ń bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́ nísàlẹ̀ ìtàgé, ara rẹ̀ ti yá gágá. Orin dé ibi tí gìtá yẹ kó ti wọlé, ó kọjá. Ó tún yípo dé ibẹ̀, ó tún kọjá. Wáyà dúró gbagidi, ìka lórí okùn, ojú lórí ìpàkọ́ Góòlù. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Nígbà tí Góòlù tó yíjú padà, tó rí i níbi tó dúró sí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ sínú makirofóònù pé, "Ẹ wo ọ̀rẹ́ mi. Ó ń dúró dè mí bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì." Gbogbo gbọ̀ngàn náà rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Wáyà lọ kó ẹrù rẹ̀.

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ̀yin náà ò kàn ta gìtá yín, Dádì?"

Wáyà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ló dé tí kò fò lójú fèrèsé. "Kò tíì gbé àgbọ̀n sókè," ló wí. Obìnrin náà ní ó dáa, ó sì da tíì sínú ife fún un. Ẹni tó bá ti pẹ́ nílé ọkọ mọ ọjọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí wọ́n ń da tíì.

Kò pẹ́ tí Wáyà fi rí ẹgbẹ́ tuntun, ibi tó sì ti rí i ni ẹnikẹ́ni ò fọkàn sí. Ó lọ ra búrẹ́dì lọ́jọ́ kan ní òpópónà kejì sí tiwọn, ló bá ń gbọ́ ìlù láti ẹ̀yìnkùlé. Ó yọjú. Ìyá Búrẹ́dì tó ni ilé iṣẹ́ náà ló jókòó láàárín agolo bọ́tà tó ti ṣófo, tó ń fi igi ìyí-ìyẹ̀fun méjì lù wọ́n kíkankíkan, nígbà tí búrẹ́dì ń jinná nínú ààrò. Apá obìnrin náà ti nípọn níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun láti kékeré. Bó ṣe ń lu agolo ni ilẹ̀ ń gbọ̀n. Wáyà dúró síbẹ̀ títí ó fi gbàgbé búrẹ́dì tó wá rà. Ìyẹn ni onílù rẹ̀.

Ẹnì kejì ni Ọ̀gá Tíṣà, tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ láìjẹ́ kí aládùúgbò kankan mọ̀. Ìyá Búrẹ́dì ló tú àṣírí rẹ̀, nítorí òun ló ń gbé búrẹ́dì lọ fún un láràárọ̀, ó sì ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Àgbàlagbà yìí, tọmọdé tàgbà ló ń fi ẹ kí, kì í sì í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè, àfi bí ẹni pé àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ló gbẹ̀san lára rẹ̀. Ní ti orin kíkọ, Wáyà ní òun fúnra òun á máa kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn létí ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀.

Inú ilé búrẹ́dì ni wọ́n ti ń dánra wò, lọ́sàn-án, nígbà tí búrẹ́dì ìrọ̀lẹ́ bá ti wọ ààrò. Wọ́n ra ìlù gidi fún Ìyá Búrẹ́dì, wọ́n tò ó kọjú sí ààrò kí ojú rẹ̀ lè máa wà níbi iṣẹ́. Ìyẹ̀fun wọnú gìtá Wáyà, ó wọnú irùngbọ̀n rẹ̀, tó bá délé á dà bí bàbá àgbà. Ṣùgbọ́n ayé rẹ̀ ti padà sípò. Orin tó kọ́kọ́ kọ fún àwo orin tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe, èyí tó gbójú lé jù, máa ń lọ bí omi ẹ̀rọ. Yóò bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, yóò yípo, yóò dé ibi tí gìtá yẹ kó ké, gìtá á sì ké gẹ́lẹ́ níbẹ̀, kò ní yá, kò ní pẹ́. "Ṣé o rí nǹkan?" ló máa ń wí fún ìyàwó rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń darí mi. Ara mi ló ń sọ fún mi."

Ìyàwó rẹ̀ máa ń yà síbẹ̀ tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, á jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, á máa wò wọ́n. Iṣẹ́ obìnrin náà ni kó máa wo ojú èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí náà kò sí ohun tó ń bọ́ mọ́ ọn lójú. Ó sì rí ohun tí ọkọ rẹ̀ ò rí. Bí orin bá ti ń gbóná, tí búrẹ́dì náà bá sì ti fẹ́ máa pọ́n, Ìyá Búrẹ́dì á gbé àgbọ̀n sókè fìrí níbi tó jókòó sí, á fi imú fa afẹ́fẹ́, kó lè mọ̀ bóyá ó ti jinná. Lójú ẹsẹ̀, Wáyà á ta gìtá.

Bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Obìnrin náà rí i, ó sì pa á mọ́ra. Ọkọ rẹ̀ ń fi orin jí láàárọ̀, ó ń bá àwọn aládùúgbò ṣeré, ó tún ti ń jẹun. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, tó bá jẹ́ búrẹ́dì ló máa fún ọkọ òun láyọ̀, kí búrẹ́dì máa jinná lọ.

Ohun tí kò rò ni pé ilé búrẹ́dì kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe àwo orin.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ sitúdíò gan-an ni Góòlù fi fóònù pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó béèrè àwọn ọmọ, ó wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ fẹ́ rìnrìn àjò káàkiri, wọ́n á gbéra lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ti gba onígìtá kan, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò ní sùúrù. Kí Góòlù tó yíjú sí i, ó ti wọlé. "Ààyè ẹ ṣì wà," ni Góòlù wí. "Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Ẹtì tí n ò gbọ́ nǹkan kan, mi ò ní lè mú un dúró mọ́ o."

"Mò ń ṣe àwo tèmi lọ́wọ́," ni Wáyà fèsì.

"Àwọn wo lẹ jọ ń ṣe é?"

Wáyà sọ fún un. Ì bá sàn kí Góòlù rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ rọ̀ ni, irú ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun á yà wá gbọ́ wọn, nítorí ọ̀nà òun gba ibẹ̀ kọjá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà Wáyà ò lè jẹun dáadáa. Ó ní bí àwo yìí bá yọrí, òun ti di ẹni ara òun, kò sẹ́ni tó máa tún fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá yọrí, òun á padà sẹ́yìn Góòlù, òun á sì kú síbẹ̀, nítorí òun ò ní lè tún irú ẹ̀ gbìyànjú mọ́. Ó sọ ọ́ láìpariwo, ìyàwó rẹ̀ sì mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ó fẹ́ sọ ohun tó mọ̀ fún un nígbà náà, ṣùgbọ́n ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì tún gbé e mì.

Sitúdíò mọ́ tónítóní. Wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì bo ara ògiri, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, ìyẹ̀fun ò sí níbì kankan. Gíláàsì ńlá kan wà láàárín àwọn olórin àti ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà, tó jókòó sẹ́yìn bọ́tìnnì tó pọ̀ lọ súà, tó ń jẹ bisikíìtì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin tí Wáyà gbójú lé. Ó dùn. Ìyá Búrẹ́dì ń lu ìlù kíkankíkan, Ọ̀gá Tíṣà ń bá a lọ nísàlẹ̀, wọ́n dé ibi tí gìtá yẹ kó ké.

Gìtá ò ké.

Orin yípo. Ó tún dé ibẹ̀. Wáyà fi ìka sórí okùn, ojú rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ìyá Búrẹ́dì ń wò ó. Ọ̀gá Tíṣà ń wò ó. Orin tún yípo. Ẹnjiníà jẹ bisikíìtì rẹ̀ tán, ó gbọn èérún rẹ̀ dànù, ó nu ọwọ́. Orin ṣì ń yípo. Ó pẹ́, ó pẹ́, títí ohùn rẹ̀ fi jáde látinú sípíkà kékeré tó wà lókè: "Ẹ dákun, ẹ má bínú o. Ṣé orin yìí ní òpin?"

Wọ́n dúró. Ìyá Búrẹ́dì fi aṣọ nu ọrùn. "Mo rò pé ọ̀gá wa ló mọ̀ọ́mọ̀ ń fà á gùn ni," ló wí. Ọ̀gá Tíṣà na ọwọ́ sókè, wọ́n ní kó máa sọ̀rọ̀. "Ní tèmi," ló wí, "àṣẹ ni mò ń retí."

A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì. Wọ́n ní kò burú, wọ́n tún un ṣe. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Wáyà ní òtútù ni, wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù. Ó ní okùn gìtá ni, ó pààrọ̀ okùn. Ó ní àga tí Ìyá Búrẹ́dì jókòó lé ga jù, wọ́n gbé àga mìíràn wá fún ìyá oníyàá. Títí tí ilẹ̀ fi ń ṣú ni orin yẹn ń yípo, kò sì rí ẹnu ọ̀nà wọlé. Nígbà tó délé, ó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó ń wo oúnjẹ.

"Màá pe Góòlù láàárọ̀," ló wí. "Ó ti tán. Nǹkan tó wà lára mi, ó ti kúrò."

Ìyàwó rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ohun tí wọ́n ń pa mọ́ra. "Dádì," ló wí, "nílé búrẹ́dì, ta ló máa ń sọ fún yín pé ó tó àkókò?"

"Kò sẹ́nì kan. Mo ti sọ fún ẹ, ara mi ni."

"Ara yín kọ́. Búrẹ́dì ni."

Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún un, ó tilẹ̀ gbé àgbọ̀n sókè, ó fi imú fa afẹ́fẹ́ bí Ìyá Búrẹ́dì ṣe ń ṣe é. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, níbi tí ọkùnrin náà jókòó sí, ọwọ́ òsì rẹ̀ mira lórí tábìlì, àfi bíi pé okùn gìtá wà níbẹ̀. Òun náà rí ọwọ́ ara rẹ̀. Kò lè jiyàn mọ́.

Ojú tì í gidigidi. Ó ti sọ fún rédíò pé òmìnira lòun ń wá. Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé. "Mo sá kúrò lábẹ́ àgbọ̀n kan," ló wí, "mo sì sáré lọ bọ́ sábẹ́ àgbọ̀n mìíràn. Tèyí tilẹ̀ tún burú, torí ìyá yẹn ò mọ̀ pé òun ń darí mi. Búrẹ́dì ló ń bá wí."

Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bá a kẹ́dùn, kò kàn lè mú un mọ́ra ni. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Wáyà kọ́kọ́ bínú, ó tún ronú sí i, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rín. Wọ́n rín títí oúnjẹ fi tutù. Nígbà tí ojú wálẹ̀, ó ní, "Kí ni kí n wá ṣe báyìí?"

"Èmi, awò ni mò ń tà o. Ṣùgbọ́n àgbọ̀n wà lójú tiyín náà. Mo rí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ mi. Irùngbọ̀n ló bò ó."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọkùnrin náà á tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yìí lójú ẹsẹ̀, ẹ ò tíì mọ Wáyà. Ọ̀nà tó rọrùn ló kọ́kọ́ wá. Láàárọ̀, ó ti dé ilé búrẹ́dì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ó ń bẹ Ìyá Búrẹ́dì pé kó jọ̀wọ́, kó bá wọn mú búrẹ́dì gbígbóná dání lọ sí sitúdíò. Ìyá náà rò pé ebi ló pa wọ́n lánàá. Ó di apẹ̀rẹ̀ kan kún, ó fi aṣọ bò ó, Wáyà gbé e fúnra rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú ìlù bí ẹni tó ń gbé ọmọ sùn. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Wáyà gbójú lé àgbọ̀n ìyá oníyàá. Orin dé ibẹ̀, ó yípo. Ó dé ibẹ̀, ó yípo. Àgbọ̀n ò mì.

"Màmá," ni Wáyà wí nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, "ṣé ẹ ò gbóòórùn búrẹ́dì ni?"

"Mò ń gbọ́ ọ. Ṣebí búrẹ́dì tó ti jinná ni. Kí ni mo tún fẹ́ máa gbóòórùn ẹ̀ sí?"

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ. Ẹnjiníà ní ó yẹ kí wọ́n sinmi díẹ̀, ó wọlé wá bù lára búrẹ́dì náà, ó ní ó dùn. Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí ìlẹ̀kùn fi ṣí, tí Góòlù sì wọlé pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Gbogbo yàrá mọ́lẹ̀ kedere. Ó kí àwọn àgbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Ìyá Búrẹ́dì, ó gbá Wáyà mọ́ra, ó sì mú búrẹ́dì kan. Èèyàn dáadáa ni Góòlù, kí n má parọ́. Ohun tó tún wá mú ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ," ló wí. Ó bá Ẹnjiníà lọ sẹ́yìn gíláàsì, ó jókòó, ó ń jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì lọjọ́ náà. Wáyà mọ̀ pé ìgbà yìí ni ìgbà ìkẹyìn. Bí orin yìí bá tún yípo láìrí ẹnu ọ̀nà, òun á gbé gìtá òun sẹ́yìn ọkọ̀ Góòlù, àwọn àgbà méjì yìí á sì padà sílé. Ìyá Búrẹ́dì ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wáyà kọrin apá tirẹ̀, ohùn rẹ̀ há, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sún mọ́ ibẹ̀. Wáyà gbójú sókè.

Lẹ́yìn gíláàsì, tòun ti búrẹ́dì lẹ́nu, Góòlù gbé àgbọ̀n sókè.

Kò mọ̀ pé òun ṣe é. Ó ti mọ́ òun náà lára. Gbogbo ara Wáyà ló dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ, èjìká rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí ìgbà téèyàn bá rí ibùsùn ara rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò. Ó wù ú. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó wù ú gidigidi. Ìka rẹ̀ ti kan okùn tán kó tó fà á padà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè fà á. Ó yí gbogbo ara rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí gíláàsì náà.

Orin kọjá ibẹ̀, ó yípo.

Àwọn tí Wáyà wá kọjú sí báyìí ni Ìyá Búrẹ́dì, pẹ̀lú ìyẹ̀fun létí, àti Ọ̀gá Tíṣà, tó di gìtá mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ìwé àdúrà. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọn. Wọn ò bínú, wọn ò sì kánjú. Wọ́n ń dúró dè é ni. Nígbà náà ló tó yé Wáyà pé bóun ṣe ń wo ìpàkọ́ Góòlù lọ́jọ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà yìí ṣe ń wo òun láti àná, tí òun sì ń fi wọ́n sílẹ̀ lórí ìdúró. Àánú wọn ṣe é ju àánú ara rẹ̀ lọ.

Ó gbé àgbọ̀n sókè.

Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó gbé e ga jù, tòun ti irùngbọ̀n, bí ẹni tí èèrà ta lọ́rùn. Ọ̀gá Tíṣà tó ti ń retí àṣẹ gba àṣẹ. Ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ohùn tó jìn jù lórí gìtá rẹ̀. Ìyá Búrẹ́dì gbé apá méjèèjì sókè, ó sì lù ú bí ẹni tó ń na ìyẹ̀fun mọ́ tábìlì. Gìtá Wáyà ké jáde. Ó ṣi ibì kan tẹ̀, ó tẹ ibòmíràn dáadáa, ó ń sunkún, imú rẹ̀ ń ṣomi, kò rí ọwọ́ fi nù ún, kò sì wẹ̀yìn títí orin fi parí.

Ọ̀gá Tíṣà sọ̀rọ̀ láìna ọwọ́. "Ó dára," ló wí, ẹ̀rù sì ba òun fúnra rẹ̀.

Ohùn Góòlù jáde nínú sípíkà kékeré. "O pẹ́ kó o tó wọlé," ló wí.

"Mo mọ̀," ni Wáyà dáhùn. "Ó ti pẹ́."

Góòlù gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí nǹkan kan, ó sì fi ọwọ́ kan àgbọ̀n ara rẹ̀. "Mo gbé àgbọ̀n sókè fún ẹ," ló wí. "Ṣé o ò rí i ni?"

"Mo rí i."

Wọ́n wo ara wọn gba inú gíláàsì. Góòlù mi orí, ó tún mú búrẹ́dì kan fún ọ̀nà, ó sì lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń dúró dè é.

Ẹnjiníà béèrè bóyá kí òun gé yíyípo tó ṣẹlẹ̀ láìnídìí yẹn kúrò, torí orin náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Wáyà ní kó fi í sílẹ̀. Ó ṣì wà lórí àwo náà títí dòní, ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ẹ̀rọ ló há.

"Àgbọ̀n wo lẹ tilẹ̀ ń sọ?" ni Ìyá Búrẹ́dì bi í.

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí orin kejì."

Wọ́n gbé gìtá, wọ́n gbé igi ìlù. Wáyà wò wọ́n, ó rí i pé wọ́n ti ṣe tán, ó sì gbé àgbọ̀n sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ga jù.